Ẹyin Ni Adépéjú Fura Sí

Ó ti rẹ Adépéjú kó tó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Àárọ̀ kùtù ló máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní Kuto, oorun á sì ti máa pa ojú rẹ̀ dé kó tó tún délé wọn ní Aké. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé àárẹ̀ rẹ̀ kì í tán lójú oorun.

Dìran, ọkọ rẹ̀, ló bá nílé ìdáná tó ń bó ẹyin. Ẹyin bíbọ̀ kún abọ́, adìyẹ wà nínú ìkòkò, ike ìyẹ̀fun pùrótéènì wà lórí tábìlì. Dìran ń gbé irin ní jíìmù kan ní Láfẹ́nwá, ó sì ń múra ìdíje àwọn tó ń fi iṣan ara hàn. Pùrótéènì, ìyẹn èròjà amúaradàgbà inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, ni àwọn agbérin máa ń wá kiri kí iṣan wọn lè yọ.

"Dádì Tóyìn, ẹ kú ilé. Ẹyin yìí náà ni?"

"Káàbọ̀, Mọ́mì Tóyìn. Ẹyin náà ni."

"Wọ́n ní ó ń ba kíndìnrín jẹ́."

"Ta ni wọ́n?"

"Gbogbo ayé. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n ń sọ ọ́ lórí fóònù, wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbí ẹ ti gbàgbé ohun tó pa bàbá yín ni?"

Dìran tún mú ẹyin mìíràn, ó ń bó o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló bẹ̀rẹ̀ àìsàn bàbá rẹ̀, kíndìnrín ló sì parí rẹ̀. Síbẹ̀, nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó rò ó pé kí Dìran lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ìjà ẹyin ni wọ́n ń jà. Wọ́n jà á títí ó fi sú àwọn ọmọ pàápàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Kuto, kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ọkùnrin kan tó ń ta àgbo wọnú ọkọ̀. Ó kí èrò, ó gbàdúrà ìrìn àjò, wọ́n ṣe àmín. Ó wá gbé ìgò sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kíndìnrín yín ti dọ̀tí. Ẹran, ẹyin, ọtí, gbogbo ẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àgbo yìí á fọ̀ ọ́ bí ẹní fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ ìkòkò."

Adépéjú tó ti ń tòògbé lajú. Ó ra ìgò méjì. Ó kàwé, ó gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rẹ̀ kì í bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Bí ẹ ò bá ní fi ẹyin sílẹ̀," ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó délé, "ẹ máa mu èyí."

"Tí mo bá mu ún, ṣé ariwo máa tán?"

"Ó máa tán."

Dìran ń mu ún láàárọ̀, ó ń mu ún nírọ̀lẹ́. Bí iṣan bá ń ro ó lẹ́yìn irin gbígbé, á tún fi oògùn ìrora lé e. Ilé pa rọ́rọ́. Adépéjú rò pé òun ti gba ọkọ òun là.

Nígbà tó yá, ojú Dìran bẹ̀rẹ̀ sí í wú bó bá jí. Bàtà kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, ó sì ń hó bí omi ọṣẹ. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, Adépéjú ò lọ Èkó mọ́, ilé ìwòsàn ló gbé e lọ.

Dókítà Yéwándé wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, Adépéjú ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Ẹyin ni, àbí, Dókítà? Mo ti ń sọ fún un."

"Ẹyin kọ́, mà. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá lè gbé ẹyin àti ẹran tí àwọn agbérin ń jẹ. Ìwádìí tó wà nílẹ̀ ò tíì fi hàn pé ó ń bà á jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ ohun tí àjẹjù ọdún gbọọrọ lè fà. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀ ni pùrótéènì púpọ̀ ń dá kún ẹrù fún. Ẹ̀jẹ̀ yín ga, sà. Ṣé wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún yín rí?"

"Rárá. Ara mi le."

"Ara líle ò ní ká má ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí lẹ tún ń lò?"

Dìran wo ìyàwó rẹ̀. Adépéjú fẹnu ara rẹ̀ sọ ti àgbo, ó sì fi ti oògùn ìrora kún un.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Kíndìnrín kì í ṣe ìkòkò, mà. Òun ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ wa. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kíndìnrín yìí náà ni yóò tún fọ̀ ọ́ jáde. Àgbo tá ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú oògùn ìrora ojoojúmọ́, lórí ẹ̀jẹ̀ tó ga. Ohun tí mo fura sí nìyẹn."

"Èmi ni mo rà á," Adépéjú wí.

Dìran di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi ni mo mu ún."

Dìran ò kú. Wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ sì padà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣe dáadáa tó ti tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, dókítà ló ń díwọ̀n ẹran àti ẹyin tó lè jẹ, nítorí kíndìnrín tó ti fara gbọgbẹ́ ò lè gbé e mọ́. Ìdíje ti kọjá lọ láìsí i níbẹ̀. Kì í ráhùn. Ó dun Adépéjú gan-an, kò sì sí bí a ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní dunni.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin tó ń gbé irin, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pùrótéènì lájẹjù, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ yín wò, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín bá wà nínú ẹbí yín. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń gbé irin, ẹ sì dárúkọ gbogbo ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ ń pò mu, torí iṣan ńlá àti àwọn kan nínú ìyẹ̀fun wọ̀nyí lè mú kí èsì àyẹ̀wò ga láìjẹ́ pé kíndìnrín ń ṣàìsàn. Ẹ má sọ oògùn ìrora di oúnjẹ. Ẹ má sì mu àgbo kankan nítorí pé wọ́n ní ó ń fọ kíndìnrín.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rù èèyàn yín ń bà, ìjà ò wo nǹkan kan sàn. Ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ bá a jókòó títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀.