Àdúrà Kí Gúlú Tó Gbẹ

Ọ̀rẹ́ mi tó mú ìwé yìí lọ́wọ́, jókòó dáadáa. Bí ìjókòó ò bá sí, fara ti ògiri. Ìtàn ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ le ju òkúta lọ ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Táyà ló ń tún ṣe. Fọ́yín ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé eyín tó ti fọ́ lẹ́nu ọmọ aráyé, bí a bá kó wọn jọ, a ó fi ṣe ọgbà yí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ká, a ó sì rí èyí tó ṣẹ́ kù fi kọ́ ilé adìẹ. Bó bá gbá ènìyàn létí, adìẹ àdúgbò kẹta á yé ẹyin tí kò tíì tó ó yé. Ó lu awakọ̀ kan nítorí pé ọkùnrin náà ní kó ṣe kíá. Awakọ̀ yẹn lọ sọ́run, ó kí bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n jọ jẹun tán, kó tó padà wá jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ojú Fọ́yín máa ń pọ́n débi pé o lè tan sìgá níbẹ̀.

O ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin yìí. Bó bá fi gúlú pa ojú ihò tiúùbù, gúlú náà gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀ kó tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mú. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ẹlòmíràn á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ṣòfófó. Òun á fi bá Jésù sọ̀rọ̀. Bó bá ri tiúùbù bọ inú ọpọ́n omi, tó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ètè rẹ̀ á máa mì. Bó bá ń fẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù, á ti okùn afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á sún sẹ́yìn títí dé ìdí ògiri, á máa gbàdúrà títí táyà yóò fi kún. Kò sí àdúrà kan tí kì í dárúkọ Fọ́yín nínú rẹ̀.

"Àna mi, kí ló dé gan-an?" Fọ́yín bi í lọ́jọ́ kan. "Ṣé Ọlọ́run ò níṣẹ́ míì ni? Ò ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n!"

Àna rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀kùn yẹn ò ní kọ́kọ́rọ́. Ìwọ náà, wọlé wá."

"Èmi kẹ̀? Bí mo bá wọlé, àwọn áńgẹ́lì á gba ojú fèrèsé bẹ́ sílẹ̀!"

"Wọ́n ti rí èyí tó burú jù ọ́ lọ."

"Irọ́! Ta nìyẹn?" Inú sì ń bí i pé wọ́n rí ẹni tó burú ju òun lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Fọ́yín wá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kò rí i wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti fọ̀ ọ́, kò tíì gbẹ. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà. Fọ́yín fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lẹ́nu. Mo fẹ́ràn àsọdùn, ṣùgbọ́n n kò sọ àsọdùn níbí: eyín iwájú méjì ló bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, obìnrin náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi aṣọ bo ẹnu, ó gbé ẹrù rẹ̀ lórí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "mo ń lọ sílé bàbá wa."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ẹnu náà. "Máa lọ, àbúrò mi. Má padà sílé ọkùnrin yìí." Bí obìnrin náà ti lọ, ó yíjú sí Fọ́yín. "Ìwọ, o ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan wà nílẹ̀ tó ń gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, awakọ̀ tó ni ín jókòó sójúde. Irú èyí máa ń ní òrùka irin tó dì í mú. Bí òrùka náà bá wọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sún mọ́ ọn. A ó pa ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, a ó tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí fún ọ̀sẹ̀ kan mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àna Fọ́yín fara ti ògiri, ó dijú. "Jésù, tọ́jú àbúrò mi. Jésù, gba ọkùnrin yìí kó tó pa ènìyàn."

"Ẹjọ́ mi lò ń fi sun Ọlọ́run lójú mi?" Fọ́yín ki òòlù ńlá mọ́lẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ tóbi bí okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀.

Bí ó ti ń bọ̀ wá bá àna rẹ̀, táyà náà dún kẹ̀ẹ̀. Òrùka ti wọ́.

"Pa ẹ̀rọ!" àna rẹ̀ kígbe. "Má fọwọ́ kàn án o!"

"Ìwọ ni yóò kọ́ mi níṣẹ́ ọwọ́ mi?" Ìbínú ti di í lójú. Ó gbé òòlù sókè, ó fi lu òrùka náà pé kó wọlé.

GBÀÀÀ! Àdúgbò méje di adití lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùka náà dá páànù lu, ó fò lọ bíi pé oṣù ni wọ́n rán an sí. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún Fọ́yín ló kọ́kọ́ gbà kọjá. Egungun fọ́ yángá, ọwọ́ ń fì lórí awọ. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri. Omi inú ọpọ́n pọ́n.

Eruku nìkan ló bá àna rẹ̀ ní ìdí ògiri. Ó lè dúró síbẹ̀ kó máa wòran. Ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n ó sáré, ó fi ọ̀bẹ gé tiúùbù, ó fi di apá náà lókè ìgúnpá, ó fi eyín fà á le. Awakọ̀ tó ni táyà sáré lọ wá ọkọ̀ míì.

"Àna mi," Fọ́yín wí, ètè rẹ̀ ti funfun. "Mo ń kú lọ. Gbàdúrà fún mi."

"Mo ti ń gbà á láti ọdún mẹ́fà. Ó ti kàn ọ́."

"Mi ò mọ̀ ọ́n gbà! Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ńlá ńlá."

"Ta ló ní kó o sọ ọ̀rọ̀ ńlá? Èyí tí mo ń sọ kí gúlú tó gbẹ, báwo ló ṣe gùn tó? Jésù ti ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ kí tìrẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Sọ ohun tó o ṣe fún un."

Fọ́yín ké: "Jésù! Èmi ni mo gbá a lẹ́nu. Èmi ni mo lu gbogbo wọn. Ẹranko ni mí. Gbà mí!"

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ dé.

Wọ́n gé apá náà nílé ìwòsàn. Kò kú. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìyàwó rẹ̀ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fọ́yín sunkún. "Mi ò ní àwáwí kankan."

"Mo ti dárí jì ọ́, torí Jésù," obìnrin náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń dùn mí. Ilé bàbá mi ni mo máa wà."

"Ó tọ́," ni Fọ́yín wí. Àna rẹ̀ tó jókòó ti ibùsùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú! Láti ọjọ́ tí ìyá Fọ́yín ti bí i, kò sọ "ó tọ́" fún ẹnikẹ́ni rí. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kọjá kí obìnrin náà tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé.

Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ìbínú ṣì máa ń yọjú. Bí awakọ̀ bá bú u, á ri tiúùbù sínú omi, á ní, "Jésù, dì mí mú." Lọ́jọ́ míì á rì í lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ ihò kan péré ló wà lára rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí ńkọ́? O ní o ò ráyè gbàdúrà. Ìwọ yìí! O ráyè bínú. O ráyè ka ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò rẹ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Omi tó o gbé kaná tí kò tíì hó, ọkọ̀ tó ò ń retí, bàtà tó ò ń so: àyè wo lo tún ń wá? Fọ́yín fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ tó máa lò ó, ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a sáré.

Apá kan ni Fọ́yín pàdánù. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ìwọ yóò pàdánù, bóyá ẹ̀mí ni. Jésù tó gba Fọ́yín nínú erùpẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ń gbọ́ ọ níbi tó o wà yìí. Sọ fún un pé: "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, gbà mí lónìí."

Má tíì ká ìwé yìí. Sọ ọ́ ná.