Obìnrin Tí Òtútù Ń Mú

Kúbùsù kẹta tí nọ́ọ̀sì fà jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù amóoru tutù rinrin. Méjì tó wà lórí rẹ̀ gbóná débi pé ìgúnpá ló fi gbé wọn, bẹ́ẹ̀ inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo wọn wà mọ́jú. Lọ́jọ́ mìíràn, nọ́ọ̀sì náà ì bá dá a padà. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lónìí, ọkàn rẹ̀ kò sì sí lójú kan. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Àǹtí Olóoru ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ló ń pa ẹ̀rọ amúlétutù kí aboyún tó wọlé, òun ló ń mú kí omi tí wọ́n máa fà sí wọn lára lọ́ wọ́ọ́rọ́, òun ló ń wé kúbùsù mọ́ wọn léjìká. Dókítà a máa kùn pé obìnrin yìí fẹ́ yan òun bí ẹran.

Nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ máa làágùn, sà. Ẹ̀yin ṣáà máa fẹsẹ̀ ara yín rìn jáde."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ ohun tó sọ ọ́ di olóoru.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, oòrùn sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n ti gún àbúrò rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí. Nọ́ọ̀sì da kúbùsù bò ó láyà, ó wo ẹ̀rọ tó ń ka ooru ara: mẹ́tàdínlógójì. Ó dára.

Wọ́n gbé ọmọ jáde, ọmọ ké. Inú gbogbo wọn dùn. Ìgbà tó tún wo ẹ̀rọ, ó ti di márùndínlógójì.

"Ẹ̀jẹ̀ yìí ò dì o," dókítà sọ jẹ́jẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí òtútù bá mú kì í tètè dì, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó tutù.

"Àǹtí mi," àbúrò rẹ̀ rọra sọ, "ta ni ìyá tó sùn tì mí yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan ńbẹ̀ jàre."

"Òtútù ń mú wọn. Wọ́n ní àwọn bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ní kí àwọn fara dà á."

Ẹ̀rù ba nọ́ọ̀sì. Ọdún kẹfà rèé. Obìnrin kan gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lórí tábìlì yìí, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi nǹkan bo òun sí i, nọ́ọ̀sì sì sọ pé abẹ́rẹ́ ló fà á, pé yóò lọ. Àwọn méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn. Nígbà tí obìnrin náà kú, òun fúnra rẹ̀ ló fi kúbùsù bò ó lójú. Ó wo èyí tó wà láyà àbúrò rẹ̀: etí kan ya, wọ́n fi òwú pupa rán an. Kúbùsù ọjọ́ náà ni. Wọ́n sì ti gbé e sin mọ́ òkú.

Ó ká a kúrò lára àbúrò rẹ̀, ó wé e mọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó sọ lábẹ́ ìbòmú. "Èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Ẹ fi ooru tiẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba tèmi."

Òtútù kan gba ẹ̀yìn wọlé sí i lára, ó jókòó sínú egungun rẹ̀. Ẹ̀rọ ka mẹ́rìndínlógójì.

"Ó ti ń dì," ni dókítà wí, ó mí kanlẹ̀.

Lọ́sàn-án, àbúrò rẹ̀ na ọmọ sí i lórí ibùsùn. "Àǹtí, ẹ gbé e. Ọmọ yín ni."

Ó nawọ́. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ọmọ náà, ètè ọmọ ti ń dúdú fún òtútù. Ó fà sẹ́yìn kíá, ó ní òun ní ikọ́.

Ọmọ náà ti pé ọdún méjì. Bó bá ti rí i, á sáré bọ̀, nọ́ọ̀sì á sì jágbe mọ́ ọn títí yóò fi sunkún padà. Àbúrò rẹ̀ kì í bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń sọ káàkiri pé ẹ̀gbọ́n òun kórìíra ọmọ òun. Nọ́ọ̀sì ń gbọ́ ọ, ó sì ń dùn ún gan-an. Síbẹ̀, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ọmọ náà mọ òun ní òǹrorò, ju kí ó mọ ọwọ́ òun lọ.