Wáìnì Tí Bàbá Kò Rí Tọ́ Wò

Lórí ọ̀pẹ ni Akínbíyì wà lọ́jọ́ tí Títílọlá kọ́kọ́ rí i. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́nà Àpòmù, ara ọ̀pẹ ń yọ̀, ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti igbà rẹ̀, ó ń kọrin. Tísà ni Títílọlá, ilé ìwé ló ti ń bọ̀. Ó gbójú sókè, ó pè é.

"Ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má já lulẹ̀."

"Tí mo bá já, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé mi?"

"Èmi kọ́. Màá bá yín ké sí àwọn tó lágbára."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró dè é níbẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń pè é ní Àyìnkẹ́ òun.

Enoch, bàbá Títílọlá ní Ìkirè, ti ṣe akọ̀wé ìjọba rí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àìsàn sì ti wọ òun náà lára. Wáìnì olówó ńlá kan wà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa ń yìn ṣáá. Òun ló ń bù ú fún wọn, wọn kò fún un ní ẹ̀kán kan rí. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Akínbíyì, ó ní adẹ́mu tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, wáìnì yẹn ni kó gbé wá síbi ìdána. Títílọlá sunkún, ó bi í bóyá ọtí kankan lè dùn tó owó bẹ́ẹ̀. Bàbá ní ohun tí òun fẹ́ mọ̀ kí òun tó kú nìyẹn.

Akínbíyì ta ọ̀kadà rẹ̀, ó ra wáìnì náà n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n adẹ́mu ni. Ó mọ̀ pé bí a bá dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pa, yóò bẹ́. Bó ṣe délé ló yọ ìdérí ìgò náà, ó fi ewé bò ó fẹ́rẹ́, ó sì gbé e pamọ́ títí di ọjọ́ ìdána.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá fi ẹnu kàn án, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ti di ọtí kíkan. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Akínbíyì dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó ṣe.

"Ṣé kò sí òmíràn?" Bàbá bi í.

"Kò sí, sà."

"A jẹ́ pé mi ò ní mọ̀ ọ́n nìyẹn." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "O bẹ̀rù pé yóò bẹ́ lo ṣe jẹ́ kó mí. Ọmọ mi náà, jẹ́ kó máa mí nílé rẹ."

Bàbá kò bá wọn dé ọjọ́ ìgbéyàwó. Nígbà tí àwọn èèyàn ti kúrò nídìí sàréè, Akínbíyì dúró ti Títílọlá.

"Mo ba wáìnì yẹn jẹ́ mọ́ Bàbá lẹ́nu."

"O ò mọ̀ ni. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Ilé tiwa, ní Àpòmù."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń sunkún lọ.