Ìyá Ìyàwó Nínú Aginjù

"Aginjù ni wọ́n ń lọ, Ìyàwó. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yẹn lẹ fẹ́ fi gun àpáta?"

Clara ò wojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Iwájú dígí ló dúró sí ní pálọ̀, ó ń fi yẹtí sétí, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ òkú fún.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ kọ́ ni mo béèrè. Mo ní ṣé lóòótọ́ ni Hephzibah ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó? Olútóyìn ló kí mi kú oríire ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, mi ò mọ oríire tó ń wí."

"Olútóyìn ò lè pa ẹnu ẹ̀ mọ́." Clara yíjú padà. "Ó dáa, ẹ gbọ́ ọ. Òun àti Eli àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ń lọ sí Utah, níbi tí àwọn àpáta pupa wà. Wọn ò pe èrò. Àwọn méjèèjì, pásítọ̀, àti èmi. Ọmọ náà ló ní òun ò fẹ́ yín níbẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ fà á yọ lẹ́nu mi."

"Ó ní òun ò fẹ́ mi?"

"Ó ní ẹ̀ ń dójú ti òun. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ síbi iṣẹ́, jàre."

Ó jáde. Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, kò lè sunkún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwà ìkà kì í sábà gbé idà dání wọlé. Ẹ̀rín ló máa ń rín wọlé. Nígbà tí Akíntóyè Bámgbóyè kú ní Ìlá, Clara, àbúrò rẹ̀, ti Amẹ́ríkà wá sìnkú. Hephzibah ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà. Clara ò bímọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú opó náà, ó ní kó jẹ́ kí òun mú ọmọ lọ sí Atlanta lọ kàwé. Rẹ̀mílẹ́kún rò ó títí, ó gbà. Ọmọ náà kàwé lóòótọ́, ó di apòògùn ní ilé ìwòsàn kan ní Marietta. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ti ń dàgbà ni owú ń dàgbà nínú Clara. Ìgbàkígbà tí Hephzibah bá ti ní "màmá mi ní Nàìjíríà," ńṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Nígbà tí ọmọ wá ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà, Clara sáré ní yàrá pọ̀ nílé òun ní Fairburn, lẹ́bàá Atlanta, kí Ìyàwó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Hephzibah ò fura.

Ilé ńlá ni, ó sì dákẹ́ bí itẹ́ òkú. Bí Clara bá ti jáde láàárọ̀, Rẹ̀mílẹ́kún á jókòó sójú fèrèsé, á máa wo òpópónà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹsẹ̀ rìn. Mọ́tò á dé, ilẹ̀kùn gáráàjì á ṣí fúnra rẹ̀, á gbé mọ́tò náà mì, á tún pa dé. Kò sẹ́ni tó máa yà wá kí i. Nígbà míì ó máa ń kí ara rẹ̀: "Rẹ̀mílẹ́kún, ṣé o jí ire?" Òun náà ló sì ń dáhùn. Níbẹ̀rẹ̀, Hephzibah máa ń wá, ṣùgbọ́n Clara á jókòó sáàárín wọn títí ọmọ á fi lọ. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Bí ìyá bá pè é, fóònù á dún dún dún, kò sẹ́ni tó máa gbé e. Clara ní iṣẹ́ ọmọ náà nílé ìwòsàn ló pọ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé ọ̀sẹ̀ tí Olútóyìn kí i kú oríire yẹn, Clara lọ fi ilé tó ń bá èèyàn tà han àwọn tó fẹ́ rà á ní McDonough. Agogo ẹnu ọ̀nà dún. Rẹ̀mílẹ́kún ṣílẹ̀kùn, ó bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Dìde, ọmọ mi. Ta ni ẹ́?"

"Èmi ni Eli Ọláníyọnu, Ma." Kò dìde. "Hephzibah ò mọ̀ pé mo wá. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ mi, torí mo ti níyàwó rí. Mo sì mọ̀ pé ẹ ti ní tó bá fẹ́ mi, ẹ máa ṣépè fún un. Ṣùgbọ́n mi ò lè mú ọmọ yín lọ sí aginjù bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

Rẹ̀mílẹ́kún di férémù ilẹ̀kùn mú. "Èpè kẹ̀? Èmi? Mi ò rí ẹ rí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ."

Eli gbórí sókè nílẹ̀ níbẹ̀. Ó dìde dúró.

"Aunty Clara ló sọ fún wa," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àwọn ló ní ká má ṣe é ní Atlanta mọ́, pé ẹ máa wá dà á rú níwájú gbogbo èèyàn. Ìdí tá a fi ń sá lọ sí Utah nìyẹn."

Nígbà tí ìyá náà ní òun ń pe ọmọ òun tí kì í gbé e, Eli gba fóònù rẹ̀ wò. Nọ́ńbà tó wà níbi orúkọ Hephzibah kì í ṣe ti Hephzibah. Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, wọ́n ti dí i pa, kò lè wọlé.

"Ta ló bá yín to fóònù yìí, Ma?"

"Àǹtí ni."

Eli fi fóònù tirẹ̀ pe Hephzibah, ó gbé e fún ìyá.

"Èmi ni," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ìyá rẹ ni."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Màmá, mo pè yín, mo pè yín. Ẹ ò gbé e. Kí ni mo ṣe fún yín?" Yorùbá rẹ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ yé ìyá rẹ̀.

Hephzibah ti dé Fairburn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ṣì di ìyá rẹ̀ mọ́ra ní pálọ̀ nígbà tí Clara wọlé, tòun ti léèsì aláwọ̀ wúrà tó lọ gbà lọ́dọ̀ télọ̀, aṣọ ìyá ìyàwó.

"Aunty, ta ló yí nọ́ńbà mi padà nínú fóònù Màmá?"

Clara wo Eli, ó wo Rẹ̀mílẹ́kún. "Ìyàwó, kí lẹ tún rò fún ọmọ yìí?"

"Wọn ò ro nǹkan kan," ni Eli wí. "Aunty, ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n."

Ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kó bẹ̀. Ó ju léèsì náà sórí àga. "Kí n bẹ ta? Ìwọ Rẹ̀mílẹ́kún, kí lo mọ̀ nípa ọmọ yìí? Ọjọ́ tí ibà fẹ́ pa á, àyà ta ló sùn lé? Ta ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà? O bí i, o gbé e fún mi. Ẹni tó fúnni lọ́rẹ, ṣé ó tún ń padà wá gbà á ni? Olè ni ẹ́!"

Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, Rẹ̀mílẹ́kún ò pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ yìí ní "ìwọ" rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà ju Clara lọ dáadáa. Kò pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Àǹtí, mo ní kẹ́ ẹ bá mi tọ́ ọ ni. Ẹ sì tọ́ ọ. Kò sí ọjọ́ tí mi ò fi yín sádùúrà. Ká ní ẹ sọ pé ká jọ jẹ́ ìyá rẹ̀, ṣé mo máa kọ̀ fún yín?"

Clara tún mú léèsì náà, ó ń ká a.

"Aunty, ẹ má bá wa lọ sí Utah," ni Hephzibah wí. Ó di ẹrù ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì jáde.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Clara ti fọ́nnu fún gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ni ìyá ìyàwó. Nígbà tí fọ́tò ìgbéyàwó dé láti Utah, wọ́n rí i pé Rẹ̀mílẹ́kún ló dúró ní ipò ìyá ìyàwó. Olútóyìn bi í léèrè lójú gbogbo ayé pé, "Aunty, ibo lẹ wà?" Láti ọjọ́ náà kò wá síjọ mọ́. Òun nìkan ló wà nínú ilé ńlá yẹn, kò sẹ́ni tó ń pè é. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Eli ní kí wọ́n padà ṣe ìgbéyàwó ní Atlanta, Rẹ̀mílẹ́kún ló kọ̀. Ó ní ibi tí Ọlọ́run ti rọ mánà kì í ṣe ibi burúkú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Àpáta pupa ga kọjá ilé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sí igi, kò sí ẹyẹ. Rẹ̀mílẹ́kún wo ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Arẹwà obìnrin ni, àlejò ni pẹ̀lú. Kò mọ oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bà á lọ́kàn jẹ́. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ọdún ọmọ náà ti kọjá lẹ́yìn òun, kò lè padà mọ́.

"Màmá," ni Hephzibah wí kí pásítọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, "orúkọ kan wà tẹ́ ẹ máa ń fi pè mí, tí mo bá ń sunkún. Mo ti gbàgbé ẹ̀."

"Àwẹ̀ró," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àwẹ̀ró, ọmọ Akíntóyè."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ funfun lórí àpáta.

"Ẹ tún un pè."

Ó tún un pè.