Kẹ́hìndé Ò Tíì Dé Òkun

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni Hamdalah kọ́kọ́ rí, kó tó wo ojú rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé kan ni, nínú oṣù kìíní ọdún 2017, ní pápá ilé ìwé kan ní Igando, ọyẹ́ sì bo ilẹ̀ débi pé òpó góòlù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kò hàn. Ọkùnrin gíga kan yọ látinú ọyẹ́ náà pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ funfun sókè dé ojúgun, ó ki fóònù kan bọ inú ti òsì, ó ki òmíràn bọ inú ti ọ̀tún. Bó ṣe ń rìn kánmọ́kánmọ́ ni wọ́n ń gbá a lẹ́sẹ̀.

Hamdalah ò lè pa á mọ́ra. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fóònù kan ò lè ka ẹsẹ̀ méjèèjì ni?"

Ọkùnrin náà dúró, ó rẹ́rìn-ín. "Ti òsì ni tèmi. Ti ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín."

"Ẹ̀gbọ́n yín wá sùn sílé, ẹ wá ń bá a rìn. Ọ̀lẹ pọ́ńbélé ni wọ́n o."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Èmi ni ọ̀lẹ," ló wí, ó sì padà wọ inú ọyẹ́ lọ.

Mo ti gbọ́ ìtàn ìfẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀rẹ̀. Èyí ò sí lára wọn.

Ẹni tó mú Hamdalah wá sí pápá ni Morónkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti pa ìyá Hamdalah lọ́dún tó ṣáájú, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Màmá Nọ́ọ̀sì ló tọ́jú rẹ̀ títí tó fi gbẹ́mìí mì. Nígbà tó rí i pé ọmọbìnrin náà ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ nínú kẹ́mísì tó ti ń ta oògùn ní Ìkòtùn, tó sì ń sanra sí i, ó gba nọ́ńbà rẹ̀, ó fi í sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù. Ẹsẹ̀ Dòkun ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà.

Òfin ẹgbẹ́ ò le. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rin ìrìn-àjò láti Ìlọrin, gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, títí dé etí òkun Badagry. Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o ti máa gbé ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ. Fóònù á kà á, wàá sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ lálaalẹ́. Ẹni tó bá pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣísẹ̀ ti dé òkun nìyẹn. Bí àwọn tó dé bá ti pọ̀ tó, gbogbo wọn á wọkọ̀ lọ sí Badagry lóòótọ́, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi.

"Táyéwò lo sọ̀rọ̀ sí yẹn," Màmá Nọ́ọ̀sì sọ fún un lọ́jọ́ náà. "Kẹ́hìndé ẹ̀ ti wá igi lọ láti oṣù kẹjọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá a níbi tó ti ń rìn láàárọ̀, lójú ọ̀nà Ìkòtùn."

Hamdalah fọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé a kì í pe ìbejì ní òkú. Igi ló wá lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù, orúkọ Kẹ́hìndé á yọ nínú ẹgbẹ́ pẹ̀lú iye ìṣísẹ̀ tirẹ̀. Ìtòsí Ọ̀yọ́ ló ti dúró láti oṣù kẹjọ, ó sì tún ti ń rìn báyìí. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohunkóhun. Wọ́n á kàn tẹ àwòrán àtàǹpàkò sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Hamdalah lọ dúró de Táyéwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù.

"Bọ̀dá Táyé, ẹ má bínú. N ò mọ̀ ni."

"N ò bínú. Àmọ́ o ti bú ẹ̀gbọ́n mi, wàá jẹ ìyà ẹ̀. Bá wa rìn yípo pápá lẹ́ẹ̀mẹwàá."

"Mẹ́wàá? Ẹ jẹ́ ó jẹ́ mẹ́ta, jàre."

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́rin, kí n sì ra ẹ̀pà kún un."

Mẹ́fà ni wọ́n rìn. Apá òsì rẹ̀ ni Hamdalah gbà, nítorí ó rí i pé ó ń fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún, bí ìgbà tí ènìyàn kan wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, apá òsì ló ń gbà.

Wíńdò álúmínì ni Táyéwò ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdímù tí òun àti Kẹ́hìndé jọ dá sílẹ̀. Àpá gíláàsì kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Hamdalah a máa mú òróró ìpara wá fún un láti kẹ́mísì, a sì máa bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Táyéwò náà á fi í ṣẹ̀fẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn.

"Rọra, jàre. Ẹsẹ̀ mi kúrú."

"Kò kúrú. Ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lẹ́nu ẹ ló ń fà ẹ́ sẹ́yìn. Ìlú wo lo wà báyìí?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kí àwọn ẹbí bàbá mi. Dúró dè mí ní Ìbàdàn."

"N ò lè dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ń kánjú."

Àárín ọjà Igando ni wọ́n wà tí wọ́n fi ń sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́ àti eruku lẹ́sẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé sí wọn lára nìyẹn, láìkan ilẹ̀kùn. Nígbà tí òjò oṣù karùn-ún bẹ̀rẹ̀, tí pápá kún fún omi, abẹ́ àtíbàbà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí ni wọ́n sá sí lọ́jọ́ kan. Táyéwò nu omi òjò kúrò lójú, ó ní, "Hamdalah, mo fẹ́ máa bá ẹ rìn lọ."

"Títí dé ibo?"

"Dé ibi tí kò sí lórí fóònù."

Ó gbà. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fi bò.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Táyéwò mú ìyá rẹ̀ lọ sílé bàbá Hamdalah ní Ìdímù. Alhaji Yahya ni bàbá náà ń jẹ́, ó ń ta pákó, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì kó ẹrù tó gbé wá kalẹ̀ sórí ẹní: Kùránì méjì, ẹní ìkírun méjì, lẹ́sì funfun méjì.

Alhaji wò wọ́n títí. "Ọmọbìnrin kan ni mo ní, Ìyá Ìbejì. Ti ta ni èkejì?"

"Ti Kẹ́hìndé ni, Alhaji. Òun ni ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, n ò ra ẹyọ kan rí. A kì í ṣe fún Táyé ká fo Kẹ́hìndé."

"Òkú kì í gbéyàwó," Alhaji wí.

Hamdalah, tó wà lẹ́yìn kọ́tínì, di etí rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́, ẹyin tó bọ́ ni. Ìyá Ìbejì rọra kó ẹrù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ìborùn dì wọ́n, ó dìde. Kò sunkún. Àwa tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìyẹn gan-an ló burú.

Alhaji pe Táyéwò padà lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Àmọ́ n ò ní fa ọmọ mi fún ọkùnrin méjì. Ọjọ́ tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo ń bọ̀, kó o máa bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí Hamdalah tó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bá a níbi tó ti ń gé irin, ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì wà lẹ́sẹ̀, fóònù méjèèjì wà níbẹ̀.

"Táyé, ká ní obìnrin kan ló ń bá mi dù ẹ́, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Kí ni mo fẹ́ ṣe fún Kẹ́hìndé? Yọ fóònù yẹn kúrò lẹ́sẹ̀."

"Jẹ́ kó dé òkun ná."

"Kí ló dé tó fi di dandan?"

Ó gbé irin kalẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó wo ilẹ̀, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, oorun ń kùn mí. Mo ní, Kẹ́hìndé, bá mi ki fóònù mi sínú ìbọ̀sẹ̀ ẹ, kí n má baà gbẹ́yìn nínú ẹgbẹ́. Ó pè mí lọ́lẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń tún fóònù kan ṣe lẹ́sẹ̀, kò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. N ò mọ̀ bóyá tiẹ̀ ni tàbí tèmi. Lọ́jọ́ kẹta mo bá fóònù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, n ò bèèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀. Mo ṣí i. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìṣísẹ̀ ló wà níbẹ̀ fún ọjọ́ náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, Hamdalah."

Hamdalah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárín ègé irin. Ó fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́, nítorí kì í ṣe òun ló ni í láti sọ. "Ìyá ẹ ńkọ́? Wọ́n mọ̀?"

"Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún wọn. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á pàdánù ìyẹn náà."

"Sọ fún wọn, Táyé. Èmi ò lè fẹ́ ẹni tó ń sá fún ìyá ẹ̀ nínú ilé kan náà." Ó dìde, ó lọ, ó sì sunkún dé Ìkòtùn. Kò wá sí pápá mọ́. Lálaalẹ́, nígbà tí aago mẹ́jọ bá lù, ó ń rí orúkọ Kẹ́hìndé tó kọjá Ìbàdàn, tó kọjá Abẹ́òkúta.

Nínú oṣù kẹjọ, Màmá Nọ́ọ̀sì kéde pé àkókò tó. Ogún ènìyàn ló wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Badagry. Màmá Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Ìyá Ìbejì pé kó bá wọn lọ, òun náà ló sì ní kí Hamdalah má ṣe jókòó sílé. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n ń kó ẹrú gbà láyé ijọ́un, tí ẹni tó bá gbà á kò padà mọ́. Ọ̀nà náà gùn, oòrùn mú. Kò sẹ́ni tó ṣàwàdà.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró òkun, Táyéwò fa fóònù yọ nínú ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún, ó wò ó, ó sì dúró. Ó ku ogójì ìṣísẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó jókòó sínú yanrìn.

Ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ìyá mi, èmi ni mo gbé fóònù mi fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ń sùn. Èmi ló ń bá rìn."

"Mo mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

Táyéwò gbójú sókè.

"Fóònù méjì ni wọ́n kó fún mi ní ọsibítù. Ta lo rò pé ó gbé tìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí ẹ? Ọdún kan ni mo fi ń retí kó o wá sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ ò bínú sí mi?"

"Mo bínú. Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè wò ẹ́ lójú níbi tó o bá ti ń sùn." Obìnrin náà fà á lọ́wọ́. "Mo wá rò ó pé bí mo bá sọ ọ́ síta, ìwọ náà á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ra méjì méjì. Mi ò fẹ́ kó o wo ilé kó o rí i pé ó dín. Àṣé ẹrù ni mo ń dì lé ẹ lórí."

Táyéwò gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sunkún bí ọmọdé. Hamdalah dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú Màmá Nọ́ọ̀sì, kò súnmọ́ wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ tó kù kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọ́n kọjú sí omi.

Lẹ́yìn náà Ìyá Ìbejì na ọwọ́. "Gbé e wá."

"Ogójì ló kù, Ìyá mi."

"Mo gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́."

Ó ki fóònù náà sínú ìbàdí ìró rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìṣísẹ̀ kéékèèké ló ń gbé, ó na ọwọ́ kan síwájú díẹ̀, sísàlẹ̀, bí a ti ń na án sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. "Tẹ̀ẹ́," ó ń wí, "tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́." Ó ń wí i títí omi fi bò ó lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó padà wá, ó ti pa fóònù náà. "Ó ti dé," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, aago mẹ́jọ lù, orúkọ Kẹ́hìndé ò yọ. Màmá Nọ́ọ̀sì nìkan ló kọ nǹkan sínú ẹgbẹ́: Ó ti dé òkun. Kò sẹ́ni tó tẹ àtàǹpàkò.

Táyéwò dá wá sílé Alhaji Yahya lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Alhaji gbọ́ ọ tán, ó ṣí fìlà, ó ní òun náà ṣìnà níjọ́sí. Ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí ìyá ọmọ yẹn ò yẹ lẹ́nu àgbà. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Ìbejì pé kó kó ẹrù rẹ̀ padà wá.

"Kùránì kan tó fún ìgbéyàwó," Alhaji wí nígbà tó dé. "Èkejì, ẹ jẹ́ ká jọ fi ṣe sàráà fún Kẹ́hìndé ní mọ́ṣáláṣí." Orúkọ rẹ̀ ló dá, kò pè é ní òkú. Ìyá Ìbejì wá sunkún níkẹyìn, lójú gbogbo ènìyàn.

Ìbejì kan ni wọ́n so yìgì fún nínú oṣù kọkànlá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tọkọtaya náà lọ sí pápá. Fóònù kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ Táyéwò, nínú ìbọ̀sẹ̀ òsì. Bó ṣe ń rìn ló ń ṣe bí ẹni fẹ́ tiro, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti fúyẹ́ jù fún un.

Hamdalah wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá sí apá ọ̀tún, ó sì dúró.

"Ṣé ẹnì kan wà níbí?" ó bi í.

Táyéwò wo àyè náà pẹ́. Ojú rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n kò yí i padà.

"Ó ti lọ," ló wí. "Bọ́ síbẹ̀."

Ó bọ́ síbẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, wọ́n sì ń rìn lọ.