Omi Tútù Nínú Bàtà Nélida

Òjò kò tíì rọ̀ ní ìlú Cochabamba fún odidi oṣù méjì, síbẹ̀ omi tútù kún inú bàtà Nélida.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Oòrùn ń ràn lójú fèrèsé, olùkọ́ ń kọ ìṣirò sójú pátákó. Nélida kọ́kọ́ rò pé ẹsẹ̀ òun ló kú. Nígbà tó tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi dún nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ba bí ẹni tó ń mú bíírò tó já bọ́, ó sì bọ́ bàtà kan. Ìbọ̀sẹ̀ náà ti rin gbindin. Nǹkan dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ̀ mọ́ àárín ọmọ ìka rẹ̀. Ó mú un súnmọ́ ojú.

Èèpo pòtétò ni.

Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó jókòó jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn kò sì jẹ́ tuntun. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin tó ti wọ yunifásítì, ńṣe ni ojú àwọn èèyàn ń gba ara rẹ̀ kọjá bí ojú ṣe ń gba ara ògiri kọjá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í rí ọwọ́ tó na owó sí i. Nígbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ, yóò fo Huarachi, tí í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Bí ó bá sì dìde pé òun wà níbí, olùkọ́ á ní, “Ṣé o ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ ni?” Àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ajá àdúgbò pàápàá kì í gbó o.

Òun àti Rosaura ló jọ háyà yàrá. Ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè níbi tí ooru ti ń mú ni Rosaura ti wá, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń kún ilé.

“Nélida, má purọ́ fún mi,” ni Rosaura wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń fi imú gbóòórùn orí rẹ̀. “Ṣé o ń fi ìgbẹ́ ẹran dáná lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí ni? Irun rẹ ń rùn èéfín.”

“Mo fọ̀ ọ́ lánàá.”

“Èéfín lo fi fọ̀ ọ́?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó wo abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀pà tí Nélida ṣẹ̀ṣẹ̀ lá mọ́. “Abọ́ kẹta rèé. Bẹ́ẹ̀ ìgbálẹ̀ ló sanra jù ọ́ lọ. Níbo ni oúnjẹ yìí ń gbà?”

“Mi ò mọ̀. Ó ń wọ inú mi bí omi ṣe ń wọ iyanrìn.”

“Àárò ilé ni. Èmi náà sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí mo dé. Sunkún, ọ̀rẹ́ mi. Tó o bá sunkún tán, á lọ.”

Nélida gbé abọ́ náà lọ fọ̀. Kò lè sọ fún un pé ohun tó ń dẹ́rù ba òun gan-an nìyẹn. Láti ọjọ́ tí òun ti dé, àárò ń yán òun títí àyà òun fi ń dùn, ṣùgbọ́n ẹkún kò wá. Ó dà bí ẹni pé àwọn ohun tí èèyàn fi ń sunkún kò sí nínú òun.

Ní Ọjọ́bọ̀, Baba Eleuterio kan ilẹ̀kùn. Bàbá yìí ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ná Sorapata, abúlé Nélida lókè tí òtútù wà, sí ọjà Cochabamba. Àpò kan wà léjìká rẹ̀, tí Màmá Fortunata, ìyá àgbà Nélida, fi rán an. Bí Nélida ṣe ṣí ilẹ̀kùn, àpò náà jábọ́ léjìká bàbá.

“Báwo lo ṣe tètè dé síbí?”

“Níbo ni mo lọ, Baba?”

“Mo rí ọ lánàá. O wà ní pápá pẹ̀lú Màmá Fortunata, ẹ ń tẹ ṣúnyò. Mo kí ọ, o ò dá mi lóhùn. Mo tilẹ̀ sọ fún ìyàwó mi pé, ‘Wò ó, ọmọ yìí wọ yunifásítì lánàá òde yìí, kò mọ àgbà mọ́.’”

Ìgbà òtútù ni, ìgbà tí wọ́n máa ń tẹ́ pòtétò sórí pápá kí yìnyín lè pa á. Bí oòrùn bá yọ, wọn á fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ kí omi inú rẹ̀ lè jáde, wọn á sá a títí yóò fi gbẹ, tí yóò sì dà bí òkúta odò tó fúyẹ́. Òun ni ṣúnyò. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni Nélida ti ń bá ìyá àgbà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Nélida wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá náà wò ó pẹ̀lú. Ó ṣí fìlà.

“Nélida. Láàárọ̀ ọjọ́ tó o kúrò nílé, ta ló pè ọ́?”

Ohun tó ń bèèrè yé e. Ní Sorapata, ẹ̀mí méjì ló wà lára èèyàn. Èyí ńlá kì í kúrò àfi lọ́jọ́ ikú. Èyí kékeré ni aláìgbọràn. Ibi tó bá dùn mọ́ ọn, ó lè jókòó síbẹ̀ kí ẹni tó ni ín sì máa lọ. Nítorí náà, bí èèyàn bá ń kúrò níbì kan, àgbà kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbọn aṣọ onítọ̀hún, á sì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: ó yá, wá, ká lọ, má ṣe kù síbí. Bí wọ́n bá gbé ìkókó lọ kí ará ilé kejì pàápàá, wọ́n á pè é kí wọ́n tó gbé e padà.

Ó rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ń fọn fèrè. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìborùn, ẹnu rẹ̀ sì pa dé pinpin. Nélida rò pé ẹkún ló ń gbé mì.

“Kò sẹ́ni tó pè mí,” ni ó wí.

“Oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù.” Bàbá náà ti ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Bí ẹ̀mí kékeré rẹ bá sọ ibẹ̀ di ibùgbé tán, ìwọ tó o wà níbí á gbẹ bíi ṣúnyò ni. Bọ́ sínú ọkọ̀.”

Ọjọ́ kejì lọ́sàn-án gangan ni wọ́n dé. Màmá Fortunata jókòó lágbàlá lẹ́bàá ààrò, ó ń bu ọbẹ̀. Abọ́ méjì ló bù. Ó gbé ọ̀kan sórí àpótí tó kọjú sí i, níbi tí ẹnì kankan kò jókòó sí. Ajá ilé dùbúlẹ̀ sídìí àpótí náà, ó ń ju ìrù. Nélida pè é. Kò gbórí sókè. Nígbà náà ni Nélida rí i pé oru tó ń jáde lára abọ́ kejì kò lọ sókè. Ó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tún dúró, á tún tẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń fẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná.

Ìyá àgbà rí i. Kò dìde dì mọ́ ọn.

“O ti wá mú un lọ,” ni ó wí.

“Màmá, ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo pa ẹnu mi dé.”

“Kí ni mo ṣe yín?”

“O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Nígbà tí ìyá rẹ ń lọ sí Argentina, mo pè é dáadáa, mo gbọn aṣọ rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ara ló kó lọ. Ṣé o ti rí lẹ́tà rẹ̀ rí? Mo ní tèyí, kí díẹ̀ kù sílẹ̀ fún mi. Díẹ̀ péré.”

“Màmá, mò ń kú lọ.”

Obìnrin àgbà náà fà á mọ́ra, ó di apá rẹ̀ mú. Ìka rẹ̀ yí apá náà po, ó sì ṣẹ́kù. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí,” ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ó ń rẹ́rìn-ín níbí ni. Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.”

Aṣọ tó ti pẹ́ lára ẹni, tó sì ti gba òórùn rẹ̀, ni wọ́n fi ń pe ẹ̀mí kékeré. Màmá Fortunata tú ìborùn rẹ̀. Súẹ́tà pupa tí Nélida ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ ọ lára. Ìgbúnwọ́ súẹ́tà náà ti fẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti tú.

“Láti ọjọ́ wo lẹ ti ń wọ̀ ọ́?” ni Baba Eleuterio bèèrè.

“Láti ọjọ́ tó ti lọ. Mò ń wọ̀ ọ́ sùn, mò ń wọ̀ ọ́ jí. Òtútù ni, Eleuterio. Kì í ṣe tojú ọjọ́ nìkan.”

Bàbá náà gbóòórùn súẹ́tà náà: òórùn Màmá Fortunata ló kún inú rẹ̀. Ó wo Nélida pé bóyá aṣọ mìíràn wà. Kò sí. Gbogbo èyí tó kù wà ní Cochabamba, ọṣẹ sì ti fọ òórùn wọn dànù.

Wọ́n lọ sí pápá. Pòtétò wà lókìtì-lókìtì lórí koríko gbígbẹ. Kò sẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n òkìtì kan ń mì. Pòtétò ń fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń tú jáde lára wọn, èèpo ń bó, bí ẹni pé gìgísẹ̀ kékeré kan ń yí lórí wọn. Omi tútù bẹ̀rẹ̀ sí í sun nínú bàtà Nélida.

Màmá Fortunata gbọn súẹ́tà náà.

“Nélida, ó yá, wá. Ká lọ. Má ṣe kù síbí.”

Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Ohùn rẹ̀ ń já. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òkìtì náà dákẹ́. Súẹ́tà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, bí aṣọ tí wọ́n kì bọ omi. Ó sáré gbé e wọ Nélida lọ́rùn.

Ooru mú ara ọmọ náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó la ẹnu, ẹkún oṣù mẹ́rin sì bú jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá àgbà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Máa lọ,” ni Baba Eleuterio wí. “O ò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. Bó o bá wẹ̀yìn, á padà.”

Kò wẹ̀yìn. Ó gun ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó gbọ́ ẹ̀rín ọmọge kan láti inú pápá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ aládùúgbò ni.

Láti ọjọ́ náà, Cochabamba rí i. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì jágbe mọ́ ọn pé kó san owó rẹ̀. Olùkọ́ pe Huarachi. Ajá gbó o dé ẹnu ọ̀nà, inú Nélida dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ajá. Oúnjẹ dúró nínú rẹ̀. Ó ṣe ìdánwò, ó sì yege.

Orúnkún òsì rẹ̀ nìkan ló ń ro ó bí ìkùukùu bá ti ṣú. Bí ó bá sì fẹ́ mu tíì, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún Ilẹ̀, bí àwọn àgbà Sorapata ti ń ṣe, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún Rosaura pé, “Ọmọ mi, mú nǹkan bo orí, atẹ́gùn ń fẹ́.”

“Ẹ ṣeun o, ìyá àgbà,” ni Rosaura dá a lóhùn, ó sì kúnlẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. “Ẹ rọra jókòó, kẹ́ ẹ má bàa dá ní ìbàdí.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àárò náà kò lọ. Ó kàn yí ojú padà ni. Tẹ́lẹ̀, ilé ni àárò rẹ̀ ń sọ Nélida: ààrò, ajá, òórùn èéfín. Báyìí, ọmọ kan ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, ọmọbìnrin kan tí òun ti máa ń di irun rẹ̀ láàárọ̀, tó ti lọ, tí kò kọ̀wé. Bí Rosaura kò bá sí nílé, á bu ọbẹ̀ sí abọ́ méjì, á gbé ọ̀kan sí iwájú àga tó ṣófo, á sì máa wo oru rẹ̀ tó ń lọ sókè tààrà.

Ọ̀sẹ̀ tí sáà fẹ́ parí, Baba Eleuterio pè é lórí fóònù.

“Ìyá àgbà rẹ ò jẹun yó mọ́. Gbogbo oúnjẹ tí ìyàwó mi ń gbé fún un ń wọ inú rẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ó ń sáré kiri pápá láìwọ bàtà. Ó ń bi mí pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ ń lọ sí yunifásítì. Lánàá, mo pè é, mo ní, ‘Màmá Fortunata.’ Ó yíjú wo ẹ̀yìn, Nélida. Ó ń wo ẹni tí mò ń pè.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tí kálukú ń lọ sílé rẹ̀, Nélida di ẹrù rẹ̀ ní kùtùkùtù. Rosaura ti wà níta, ó ń pariwo pé ọkọ̀ á fi àwọn sílẹ̀.

“Ní sùúrù,” ni Nélida wí. “Lọ́tẹ̀ yìí, màá ṣe é bó ṣe yẹ.”

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ súẹ́tà pupa náà lọ́rùn, ó kọjú sí yàrá tó ṣófo, ó gbọn ọ́n. Ó mọ orúkọ tí òun fẹ́ pè, orúkọ ara rẹ̀ ni. Ó ti mú un sí ẹnu.

“Fortunata,” ni ẹnu rẹ̀ wí. “Ó yá, wá. Ká lọ. Má ṣe kù síbí.”

“Ta ni Fortunata?” ni Rosaura bèèrè láti ẹ̀yìn.

Nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dún, ó tún dún, bó ṣe máa ń dún bí àgbàlagbà tí orúnkún ń ro bá rọra ń dìde. Nélida na súẹ́tà náà síwájú, ó sì dúró dè é.