Àgbàrá Dé Ẹ̀yìn Mọ́sálásí

Àgbàrá ti jẹ ilẹ̀ dé ẹ̀yìn mọ́sálásí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa ní Òde-Ayé. Ògiri ti là débi pé ọwọ́ ń wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, Ọláṣùpọ̀, tí bàbá rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí náà, ṣì ń kó àwọn ọmọ ilé kéú jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

"A kì í wó mọ́sálásí," ló máa ń wí. "Ti Ọlọ́run ni títí ayé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Eunice, ọmọ ìjọ Aládùúrà, dá a lóhùn: "Àwa náà kó ṣọ́ọ̀ṣì wa kúrò ní bèbè odò. Ọlọ́run ò sọ pé òun ò rí wa mọ́."

"Wòlíì yín ló ríran, ẹ̀gbọ́n mi. Àwa kì í fi ìran wó ilé."

"Ta ní ń bèèrè ìran? Ojú lásán la fi ń rí ògiri tó là! Bí o bá rò pé ògiri náà mọ̀ pé mọ́sálásí lòun, ìwọ lọ sùn sábẹ́ rẹ̀. Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Lọ́jọ́ kejì, búlọ́ọ̀kù já bọ́ sórí ẹní tí Ọlámipọ̀sí ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó lé. Ọmọ ò tíì dé ni. Ọláṣùpọ̀ fò sórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ Ààfáà Àjíṣafẹ́ ní Òkìtìpupa. Ó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òun ṣáà mọ̀ pé a kì í wó mọ́sálásí.

"Òótọ́ lo sọ," Ààfáà wí, "àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lo dì mú. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn tí à ń pè ní Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, le lórí rẹ̀: bí ilé tiẹ̀ wó, ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti Ọlọ́run. Àwọn onímọ̀ Hánbálì ní bí kò bá ṣeé lò mọ́, ẹ lè gbé e lọ síbi tó sàn. Èwo nínú wọn ló ní kí ẹ fi ọmọ sábẹ́ ògiri?"

"Kò sí, Ààfáà."

"Ẹ pe ìjọ jọ, kí ẹ fẹnu kò. Ẹ má ta ilẹ̀ náà. Ẹ gbin koríko sí i kí àgbàrá má baà jẹ ẹ́ mọ́."

Ìjọ fẹnu kò láti kó kúrò. Ẹbí ìyá Ọláṣùpọ̀ àti Eunice, onígbàgbọ́ pátá, fún ìjọ nílẹ̀ lókè, lójú ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú òrùlé, Lérè tó ń ta epo nàka sí páànù: "Èyí á bá ìsọ̀ mi mu o."

"Mọ́sálásí tuntun ló ni ín," Ọláṣùpọ̀ dáhùn. "Bí o bá fẹ́ páànù, ọjà Òkìtìpupa ò tíì tú."

Ẹ̀yin ará, ẹnì kan kì í dá ilé ìjọsìn wó, ì báà ṣe tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì. Ẹ bi àwọn onímọ̀. Ohun èlò ilé ìjọsìn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá là, ẹ kó èèyàn jáde ná, kí ẹ tó jiyàn. Ọlọ́run tí à ń kọ́lé fún kò ní ká fi ọmọ ṣe òpó rẹ̀.